Òróró Tí Mo Fi Kan Ìbòmú Fọlákẹ́

Màmá Fọlákẹ́ ti sinmi báyìí, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Nígbà tí wọ́n wà láyé, mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí, torí mo ti ṣe ìlérí fún ọmọ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Broughton, tí ẹ ń pè mí ní Ẹnjiníà, ẹ wá ibì kan jókòó sí. Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí ní Abẹ́òkúta kí n tó fi ilé sílẹ̀. Ní Manchester, ìbòmú ni mò ń fọ̀.

Ṣé ẹ rí i? Mo ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà kó tó jáde lẹ́nu mi.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí nígbà tí mo dé kì í ṣe òtútù. Gbogbo ayé ló ti kìlọ̀ òtútù fún mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé mo lè kí ènìyàn, kó má dáhùn. Yàrá kan ni mo gbà ní Levenshulme, lókè ilé ìtajà kan ní Stockport Road. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ibùdókọ̀, mo sì kí gbogbo èrò tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, good morning, good morning, bí mo ṣe máa ń kí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi nílé ìwé. Ìyá kan fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin kan wẹ̀yìn wò, ó ń wá ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè dúró de básì mọ́, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé àárín ìlú.

Mo ṣe cleaning ní ilé ìwòsàn, mo gbé ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí, kí n tó rí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Alan ní Old Trafford. Alan tó bàbá mi lọ́jọ́ orí, ó wá ní kí n máa pe òun ní Alan. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. “Mr Alan, sà” ni mò ń pè é, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà rèé. Àwọn páílọ́ọ̀tì kan wà tó ń wa ọkọ̀ òfurufú kékeré lórí ilẹ̀ yìnyín, ní ìpẹ̀kun ayé lápá àríwá àti lápá gúúsù. Wọ́n ń gbé àwọn onímọ̀ tó ń wọn yìnyín kiri. Àwa là ń tọ́jú ohun tí wọ́n ń wọ̀ àti ohun tí wọ́n fi ń mí. Ọkọ̀ ńlá tó ń gbé wa lọ sí Lagos, wọ́n ti fẹ́ atẹ́gùn kún inú rẹ̀ fún gbogbo èrò. Ọkọ̀ kékeré wọ̀nyẹn kò ní irú ẹ̀. Tó bá ti gòkè kọjá ibì kan, páílọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ fi ìbòmú bo imú, kó máa mí ọ́síjìn láti inú sìlíńdà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú rẹ̀ á ṣú, ọkọ̀ á sì wà lófurufú láìsí ẹni tó ń wà á.

Òfin kan ṣoṣo ni Alan fi kí mi káàbọ̀: òróró ò gbọ́dọ̀ kan ìbòmú, òróró ò gbọ́dọ̀ kan ẹnu sìlíńdà. Òróró kankan, ìbáà jẹ́ ìpara ọwọ́. Ó mú idẹ ẹnu sìlíńdà kan jáde nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, tó ti jó dúdú, tó sì ti yọ́ lápá kan. Ó ní ọ́síjìn tó há sínú sìlíńdà, tó bá ń tú jáde pẹ̀lú agbára, tó bá pàdé òróró bíńtín, iná ni, kò ní dúró de ìṣáná. Mo mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Òótọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ ọ́síjìn àti iná sójú pátákó fún àwọn ọmọ.

Nítorí òfin yìí, mi ò lè para lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹ wo ọwọ́ ọmọ Yorùbá láìpara nínú oṣù January! Ọwọ́ mi funfun bíi ti ẹni tó ń ku èlùbọ́. Tí mo bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, inú àpò ni mo máa ń kì í bọ̀. Èmi náà ni mo máa ń fi rúlà yẹ ọwọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé wò ní gbogbo àárọ̀ Monday ní Abẹ́òkúta. “Ẹ na ọwọ́!” Ẹni tí èékánná rẹ̀ bá dọ̀tí, rúlà á bá a sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ọdún kan, Alan fún mi ní pẹ́ẹ̀nì. Káàdì pélébé kan wà tí a máa ń so mọ́ ìbòmú kọ̀ọ̀kan: a ti fọ̀ ọ́, ó mọ́, kò sí òróró. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹni tó fọ̀ ọ́ máa ń buwọ́ lù, kó sì kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ orúkọ bàbá mi síbẹ̀, omi lé sí mi lójú. Mo ra káàdì ìpè, mo pe ilé.

Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ní Lafenwa, àwọn ló máa ń gbé àsíá sókè kí ọkọ̀ ojú irin tó kọjá.

“O ní o ń buwọ́ lùwé fún bàálù?”

“Fún ìbòmú ni, sà.”

“Ìbòmú àwọn tó ń wa bàálù.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ó ti tán. Ẹnjiníà ni ẹ́.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò bá wọn jiyàn. Nígbà tó di Sunday, pásítọ̀ wa bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe gan-an, mo ní mò ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú ṣiṣẹ́. “Ẹnjiníà wa!” ni pásítọ̀ kígbe. Gbogbo ìjọ ní “Àmín.” Mo jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó ti ń fi ọwọ́ pamọ́ láti ọdún kan, ṣé irú oyè bẹ́ẹ̀ ló máa dá padà?

Ọjọ́ tí Fọlákẹ́ kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù wa, orúkọ tó wà lára káàdì ló kọ́kọ́ rí. Ó yíjú sí mi. “Yorùbá ni yín?” Bó ṣe kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan nìyẹn, tòun ti bàtà páílọ́ọ̀tì lẹ́sẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, sà.” Alan ní, “Kí ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ?” Èmi àti Fọlákẹ́ rẹ́rìn-ín títí.

Levenshulme yìí ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ máa ń tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jókòó sílẹ̀. Ó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, òun ló sì ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì kan lórí yìnyín gúúsù. Mo bi í pé báwo ni ibẹ̀ ṣe rí.

“Uncle, it's mad. Ilẹ̀ funfun, sky funfun, kò sí shadow. Nígbà míì mi ò mọ̀ bóyá mò ń lọ sókè àbí ìsàlẹ̀. Compass gan-an kì í mọ ibi tó ń lọ. Mo kàn máa ń wo àwọn instrument, mo sì máa gbà wọ́n gbọ́.”

“Ẹ̀rù kì í bà ẹ́?”

“Ó máa ń bà mí now. But ẹ má sọ fún Mummy mi o.”

Mo ní ta ni Mummy ẹ. Àṣé Màmá tó máa ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìyá Ṣàgámù, tí ìlẹ̀kẹ̀ wọn kì í kúrò lọ́rùn! Láti ọjọ́ náà, Fọlákẹ́ di àbúrò mi. Tó bá ti fẹ́ lọ, nínú oṣù October, á wá gba ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì jókòó tì mí lórí àga kékeré, a jọ máa mu tíì. Ní gbogbo Manchester, kò sí ẹlòmíì tó mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an tó tún ń kúnlẹ̀ kí mi.

Nínú October ọdún kẹta tí mo ti mọ Fọlákẹ́, Màmá rẹ̀ mú mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n fà mí lọ síbi tí a ń kó àga pamọ́ sí. Wọ́n ti gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, ètè wọn ti gbẹ. Ìgò kékeré kan wà lọ́wọ́ wọn.

“Ẹnjiníà, mo lá àlá. Mo rí ọmọ mi tó ń wá èémí, kò rí i mí.”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Mà. A ò ní rí i.”

“Àmín. Mo ti gbàdúrà sí òróró yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi kan ibi tó máa ń mí sí. Ibẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin nìkan lọ́wọ́ yín lè débẹ̀.”

Kí n tó sọ nǹkan kan, ìyá tó bí mi tán ti fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi. Mo sáré gbá wọn mú. “Mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Mo gbọ́. Màá ṣe é.”

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ kò pọ̀: Mà, òróró àti ọ́síjìn kì í pàdé, ẹ jẹ́ ká fi kan nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n máa rò? Pé Ẹnjiníà kò nígbàgbọ́? Pé ọmọ wọn ò jọ mí lójú? Mo fi ìgò náà sápò, mo ní lọ́kàn mi pé màá sọ fún wọn pé mo ti ṣe é, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ẹ wò mí o. Ọjọ́ kejì, ẹrù Fọlákẹ́ wà lórí tábìlì mi, Alan jáde lọ bá awakọ̀ lọ́rí sọ̀rọ̀. Mo ti fọ ìbòmú náà tán. Ìgò wà lápò mi, ó ń wúwo. Mo rántí orúnkún Màmá. Irọ́ ni mo fẹ́ lọ pa fún ìyá tó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje? Lórí òróró tí a ti fi orúkọ Jésù sí? Mo ṣí ìgò náà. Mo fi orí ìka kàn án, mo ya àgbélébùú kékeré sí etí ìbòmú. Mo tún fi ìka kan náà kan ẹnu idẹ tí ọ́síjìn máa gbà jáde nínú sìlíńdà. Mo ní “Olúwa, ṣọ́ ọ.” Lẹ́yìn náà mo nu ìka mi, mo mú pẹ́ẹ̀nì, mo kọ orúkọ mi sábẹ́ kò sí òróró.

Mo ti bi ara mi léèrè títí, kí ló ṣe mí? Ohun tí mo rí rèé. Tí mo bá wà ní Old Trafford, mo gba gbogbo ohun tí Alan sọ gbọ́. Tí mo bá wà ní Broughton, mo gba gbogbo ohun tí Màmá sọ gbọ́. Básì méjì ló wà láàárín ibi méjèèjì, mo rò pé wọ́n jìnnà síra wọn tó, wọn ò ní pàdé. Mo ń pe ìyẹn ní ìwà ọmọlúwàbí. Ojo ni mí. Ẹ̀rù irọ́ lójú Màmá bà mí ju ẹ̀rù iná lójú ọmọ wọn lọ.

Lọ́dún yẹn Fọlákẹ́ ò ráyè wá gba ẹrù rẹ̀, lọ́rí ló gbé e lọ bá a ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ kékeré náà lọ láti England, ó ń balẹ̀ láti ìlú dé ìlú, gba ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ̀kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì. Kò nílò ọ́síjìn títí yóò fi kọjá sórí yìnyín. Èmi náà ń ka ọjọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé òróró àdúrà kì í ṣe irú òróró tí Alan ń sọ. Tíṣà sáyẹ́ǹsì!

Ní Sunday kejì lẹ́yìn náà, Màmá, tí mo ti sọ fún pé mo ti ṣe é, jáde láti jẹ́rìí. “Ẹ bá mi yin Olúwa! Ibi tí ọmọ mi ń mí sí, a ti fi òróró kàn án! Ẹnjiníà, ẹ dìde kí wọ́n rí yín.” Mo dìde. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ mi wà lápò.

Bí mo ṣe kúrò níbẹ̀, mo dúró lẹ́bàá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, mo pe bàbá mi. Mo rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn ò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, mo rò pé káàdì ìpè ti tán.

“Ta lo ti sọ fún?” ni wọ́n bi mí.

“Ẹ̀yin nìkan, sà. Bàbá, tí mo bá sọ ọ́, ó tán fún mi níbí. Ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín.”

“Ikú ta ni?”

“Sà?”

“Mo ní ikú ta ni? Ikú ara ẹni ni òwe yẹn ń sọ. Ta ló ní kí o fi ikú ọmọ ọlọ́mọ gba ara rẹ lọ́wọ́ ẹ̀sín?” Mo gbọ́ tí wọ́n ń mí gúlegúle. “Ní Lafenwa, tí mo bá gbé àsíá tí kò yẹ sókè, ṣé mo máa ń jókòó kí rélùwéè kọjá kí n tó sọ? Iwájú ẹ̀ ni mo máa sáré lọ, tariwo tariwo. Gbé fóònù sílẹ̀ kí o lọ pariwo.”

Ilé Alan ni mo gbà lọ tààrà. Ó ṣílẹ̀kùn, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, “Sà, mo fi òróró kan ìbòmú Fọlákẹ́. Àti ẹnu sìlíńdà rẹ̀.”

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, “Nítorí kí ni?”

“Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀ mí. Òróró àdúrà ni.”

“Ẹni tí kò mọ̀ ni mo lè tètè dárí jì. Ìwọ mọ̀ ọ́n.” Ó ju búrẹ́dì sílẹ̀, ó di fóònù mú.

Ìlú tó kẹ́yìn kí wọ́n tó kọjá sórí yìnyín ni ìpè náà ti bá Fọlákẹ́. Ọjọ́ kejì ló yẹ kó gbéra. Alan ṣàlàyé fún un, lẹ́yìn náà ó na fóònù sí mi.

“Uncle.”

“Fọlákẹ́, àbúrò mi, jọ̀ọ́…”

“Uncle, ẹ sign ẹ̀.” Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. “Káàdì yín wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ó ní kò sí òróró. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀. Ẹlòmíì tó bá pack ẹrù mi, mo máa ń check ẹ̀. Tiyín, mi ò kì í check ẹ̀. Because ẹ̀yin ni.”

Ẹkún ni mò ń sun níwájú Alan, bí ọmọdé.

“Ta ló ní kí ẹ ṣe é?”

“Màmá ẹ.”

Mo ń gbọ́ afẹ́fẹ́ níbi tó wà. “Ẹ má sọ fún un láéláé. Tó bá mọ̀, ẹ̀rù á máa bà á láti gbàdúrà fún mi. Ẹ promise.” Mo ṣe ìlérí. Ó ní òun máa lo ìbòmú àti sìlíńdà mìíràn tó wà nílẹ̀, ó sì pa fóònù.

Alan kò lé mi. Ó gba pẹ́ẹ̀nì lọ́wọ́ mi. Ní àárọ̀ Monday, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú aṣọ funfun kan. “Na ọwọ́.” Èmi, tíṣà, mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú, mo yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, mo yí i sódì. Ó fi aṣọ náà nu àwọn ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wò ó lójú ìmọ́lẹ̀. Gbogbo àárọ̀ ni. Mo máa ń rántí àwọn ọmọ tí mo fi rúlà nà, mo sì máa ń bẹ̀ wọ́n nínú ọkàn mi.

Fọlákẹ́ padà ní March, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Màmá tún jáde láti jẹ́rìí. “Òróró yẹn ló gbé ọmọ mi dé! Ẹnjiníà, ẹ dìde!” Mo dìde. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Fọlákẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, òun náà ń pàtẹ́wọ́, ó ń wò mí lójú. Kò wá jókòó tì mí lórí àga kékeré mọ́ láti ìgbà náà. Tó bá kí mi, orí ìdúró ló máa ń wà.

October tún dé. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá yọ ìgò mìíràn jáde. “Ẹnjiníà, bí a ṣe ṣe é léṣìí ni o.” Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ òótọ́, mi ò sì lè tún gbà á lọ́wọ́ wọn.

“Mummy, rárá.” Fọlákẹ́ ti dé ẹ̀yìn wa. “Ibi tí mò ń mí sí, Uncle ló mọ bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ fi sílẹ̀ fún un. Orí mi rèé.” Orúnkún méjèèjì ló fi kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó tú ìborí rẹ̀.

Ìdérí ìgò le, Màmá ò rí i ṣí. Wọ́n nà án sí mi. Èmi ni mo ṣí i. Díẹ̀ dà sí mi níka. Màmá dà á sí àárín orí ọmọ wọn, wọ́n gbàdúrà títí tí àwọn èrò fi ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Fọlákẹ́ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó yíjú díẹ̀ sọ́dọ̀ mi. “Ẹ káàsán, Uncle,” ló wí.

Mo fi ọṣẹ fọ ìka mi nílé, mo tún fọ̀ ọ́ ní àárọ̀ Monday títí ó fi ń ta mí. Alan wà lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ funfun kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ́ẹ̀nì ló wà níbẹ̀.

“Fọlákẹ́ pè mí,” ló wí. “Ó ní òun kò ní gba ẹrù òun bí kì í bá ṣe ìwọ lo buwọ́ lù ú.”

Mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ó ní kò pọn dandan mọ́. Mi ò ká wọn kò.

“Ẹ wò ó, sà,” ni mo wí. “Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kọ́kọ́ wò ó.”